Òpó Tchaada Ló Ga Jù Lọ

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí Ìjádé kì í wọ ọ́fíìsì bí àwa yòókù ṣe ń wọlé. Ó máa ń dé ni. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ti yà kúrò lójú títì Ifangni, ẹ̀ṣọ́ á sáré ṣí géètì méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan gba mọ́tò náà dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á ní, "Bonjour, Monsieur le Directeur," òun náà á sì gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń súre fún ìjọ. Ilé iṣẹ́ tó ń darí kò tóbi: yàrá mẹ́ta, fáànù méjì, igi máńgòrò kan lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bójú tó pọ́ọ̀mpù omi àwọn abúlé, láti Tchaada dé Daagbé, títí dé Igolo lẹ́nu ibodè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí Ìjádé ṣe ń pe orúkọ ilé iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ ó rò pé òun ló ń rọ òjò.

Ẹ má tíì fi í rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀wọ́. Àwa ará Ifangni náà la ń ṣí géètì méjì fún un.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Ipò ọ̀gá omi ṣí sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa. Ẹni tó bá dé ipò náà á ní àga tó ń yí, á ní akọ̀wé tirẹ̀, á sì ní ẹnu ọ̀nà tí ẹlòmíràn kì í gbà. Ìjádé ti ń jókòó lórí àga yẹn nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà mìíràn tó bá wà lórí àga onígi ti Ifangni, ẹ ó rí i tó ń gbìyànjú láti yí, tí igi á máa ké lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ kan láti Kútọnu tó máa ń ta àwọn abúlé lọ́rẹ pọ́ọ̀mpù fi ètò kan ránṣẹ́, èyí tó ń kó ìròyìn jọ sínú ọ̀dìnatọ̀, ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Wọ́n ní pọ́ọ̀mpù tuntun kan ń bọ̀, ẹyọ kan péré, kí ọ́fíìsì wo inú ètò náà kó lè mọ abúlé tó nílò rẹ̀ jù.

Ẹni tó ń sọ ìtàn yìí fún yín kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dìnatọ̀ ju bí adìyẹ ṣe gbọ́ Faransé lọ. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó lóye ìdajì, ìdajì náà ló sì fẹ́ fi yangàn báyìí. Inú ọ̀dìnatọ̀ ọ́fíìsì ni àkójọ ìròyìn wà, ọmọ rẹ̀ sì wà nínú fóònù tí wọ́n pín fún abúlé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí abúlé bá tẹ̀ sínú fóònù, inú àkójọ ló ń bọ́ sí. Bí ẹ bá wá fẹ́ kí àkójọ náà yàwòrán ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ó yan orúkọ àwọn abúlé kó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ ó yan iye ìdáhùn kó nàró lórí wọn, ẹ ó tẹ ibì kan, òpó á sì hù.

Adétóun, ọmọbìnrin tó ń bá ọ̀dìnatọ̀ ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ hu òpó níwájú ọ̀gá. Ìjádé fò dìde.

"Adétóun, kí nìyẹn?"

"Graphique ni, Monsieur le Directeur. Òpó kọ̀ọ̀kan dúró fún abúlé kan."

"Wọ́n ń dàgbà?"

"Bí ìdáhùn bá ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ga sí i."

Ìjádé wò wọ́n bí àgbẹ̀ ṣe ń wo àgbàdo tó yọmọ. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba," ló wí, "ohun tí mo ń wá nìyí. Ìtẹ̀síwájú tí èèyàn lè fojú rí láì dìde lórí àga!"

Ó gbàgbé pé orí ìdúró ló wà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Adétóun fi fóònù àwọn abúlé hàn án, ojú rẹ̀ le. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: Ṣé pọ́ọ̀mpù yín ń ṣiṣẹ́? Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé wà fún bẹ́ẹ̀ ni, pupa wà fún rárá, nísàlẹ̀ wọn sì ni ibi tí èèyàn ti lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ta ló kọ èyí?"

"Àwọn ará Kútọnu ni."

"Wọn ò lẹ́kọ̀ọ́! Ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ àgbà, kò kúnlẹ̀, kò kí i, pọ́ọ̀mpù ló ń bèèrè! Bí ọmọ mi bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá fa etí rẹ̀. Bon, ẹ pa á rẹ́."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó fi gbogbo ọ̀sán ronú, ó pa fáànù kí ariwo má bàa da ọgbọ́n rú. Nígbà tó jáde, ó ti làágùn, ìbéèrè tuntun sì ti délẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dirẹtọ̀ Ìjádé ló ń kí yín. Ṣé àlàáfíà ni? Lórí bọ́tìnì aláwọ̀ ewé, ó ní kí wọ́n kọ "Àlàáfíà ni." Lórí pupa, kí wọ́n kọ "Kò sí àlàáfíà."

Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́. Adétóun nìkan ló rántí nǹkan kan.

"Ohùn tí wọ́n bá sọ síbẹ̀ ńkọ́, Monsieur le Directeur?"

"Ṣé graphique lè yà á?"

"Rárá."

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò ṣeé yà kò tíì di ọ̀rọ̀ ìjọba."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ mọ̀ wá. Bí ilé ọmọ Nago bíi tiwa bá ń jó, tí ẹ bá kí i lójú ọ̀nà pé ṣé àlàáfíà ni, á kọ́kọ́ ní àlàáfíà ni, a dúpẹ́, ilé tiyín ńkọ́, kó tó ní kí ẹ bá òun bu omi. Ta ni ọmọ àbíire tí yóò wá dá ẹni tó kí i lóhùn pé kò sí àlàáfíà? Ìyẹn ti kúrò ní ìdáhùn, èpè ni. Ìjádé mọ èyí bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n. Inú ilé tí wọ́n ti ń kí èèyàn dáadáa ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ipò Àjàṣẹ́ ti bò ó lójú.

Pọ́ọ̀mpù Tchaada dákẹ́ ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀. Kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Wọ́n fà á láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ti ń rìn lọ sí odò kan lẹ́yìn oko ọ̀pẹ, tí omi rẹ̀ pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀. Ìyá Àsíátù, olórí àwọn obìnrin tó ń bójú tó omi, ni fóònù ọ́fíìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó yí i ká, ó ṣí fóònù, fóònù sì kí i.

"Ó ń kí wa," ló wí.

"Ẹ dá a lóhùn ná," ni àwọn yòókù wí.

Ó tẹ àlàáfíà ni. Lẹ́yìn náà ló wá fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sọ ọ́ kúnnákúnná, ó sì gbé fóònù fún Ràúfátù tó jókòó tẹ̀ lé e. Fóònù kí Ràúfátù. Òun náà dáhùn pé àlàáfíà ni, ó sọ tẹnu rẹ̀, ó gbé e fún ẹnìkejì. Ẹlòmíràn kì í báni dáhùn ìkíni tí wọ́n kí wa, nítorí náà kò sí obìnrin tí kò dáhùn. Nígbà tí kò sẹ́ni tó wá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ìyà bá ṣe ń pọ̀ tó ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ tó, bí wọ́n bá sì ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ni wọ́n ń kọ́kọ́ dáhùn ìkíni tó. Òpó Tchaada bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Ní Daagbé, pọ́ọ̀mpù ń tú omi yàà. Wọn kò ní ẹjọ́ láti rò, wọ́n ti ká fóònù mọ́ inú àpótí aṣọ. Òpó Daagbé kò ju kùkùté lọ.

Ní ọ́fíìsì, ayọ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ìjádé ní kí wọ́n fi fọ́tò òun sí orí òpó Tchaada. Ó ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dúró níwájú àwòrán náà láàárọ̀ kó sì ní, "Ẹ kú ojúmọ́, Ìtẹ̀síwájú," kó tó jókòó. Wọ́n ń sọ ọ́. Sọ̀fíyù, awakọ̀ rẹ̀, tiẹ̀ máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, òun náà ló sì sọ ọ̀gá ní Baba Òpó. Ọ̀gá ní orúkọ náà ti pọ̀ jù fún òun, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn.

Adétóun tún fi àwòrán roboto kan hàn án, èyí tí wọ́n ń gé bíi wàrà wàgáṣì. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n bá ti gé, ìpín ló ń dá sílẹ̀, ìpín sì ń bí ìjà. Ó fẹ́ràn èyí tó jẹ́ ìlà, títí ó fi rí i pé ìlà lè sọ̀kalẹ̀.

"Kí ló dé tó fi wálẹ̀ níbí?"

"Oṣù Èrèlé ni, Monsieur le Directeur. Ìdáhùn àwọn abúlé yòókù dín kù lóṣù yẹn."

"Mi ò bi ọ́ léèrè oṣù. Ìlà tó bá wà nínú ọ́fíìsì mi kò gbọdọ̀ wálẹ̀."

Adétóun fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn àtẹ́wọ́. Ó tún àwọn oṣù tò, ó fi èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kéré jù síwájú, ó fi èyí tó pọ̀ jù sẹ́yìn. Bí oṣù Èrèlé ṣe ṣáájú nìyẹn, tí oṣù Ṣẹrẹ tẹ̀ lé e, tí Ọ̀pẹ tó yẹ kó ti kọjá lọ wá jókòó sẹ́yìn wọn. Ìlà náà sì ń gun òkè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí ọ̀dìnatọ̀ jáde. Ìjádé ní, "Voilà!" Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí tí ọdún fi ń rìn bí ọ̀mùtí.

Ìdírísù tó ń tún pọ́ọ̀mpù ṣe ni ayé tuntun yìí yí padà fún jù. Tẹ́lẹ̀, orí alùpùpù ló máa ń wà, pẹ̀lú eruku pupa nínú imú àti súpánà nínú àpò. Ọ̀gá ti ti alùpùpù mọ́ yàrá ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá, ó pẹ́ tí mo ti dé Tchaada. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ wo pọ́ọ̀mpù wọn."

"Kí lo fẹ́ lọ wò? Ṣé o ò rí òpó wọn níbí ni?"

"Mo rí i, ọ̀gá."

"Ó ga àbí kò ga?"

"Ó ga, ọ̀gá."

"D'accord. Gba aṣọ yìí, kí o máa nu ojú ọ̀dìnatọ̀. Kò yẹ kí eruku bo òpó tó ga tó yẹn."

Ìdírísù gba aṣọ. Ká má purọ́, abẹ́ fáànù sàn ju inú oòrùn lọ, kò sì bèèrè mọ́.

Nígbà tí Ìyá Àsíátù rí i pé ọ̀rọ̀ ojú fóònù kò mú ẹnikẹ́ni wá, ó gun zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, wá sí Ifangni, torí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìjádé gbọ́ pé Tchaada ló dé, ó sì jáde wá pàdé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

"Ìyá mi, ẹ káàbọ̀! Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?"

"Wọ́n wà, a dúpẹ́."

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá..."

"Mo ti mọ̀ ọ́n, Ìyá! Mo mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ wá wò ó."

Ó fà á dé iwájú àwòrán. Ìyá Àsíátù gbé ojú sókè.

"Kí nìyí?"

"Tchaada nìyẹn."

"Tchaada ló ga báyìí?"

"Ẹ ga ju gbogbo abúlé lọ. Daagbé rèé, ẹ wò ó nísàlẹ̀ bí ó ṣe rí. Kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Ìyá Àsíátù sún mọ́ àwòrán náà. Omi lé sójú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti gba gbogbo ohun tí àwọn obìnrin Tchaada sọ, wọ́n ti kó o jọ, wọ́n fi mọ òpó, ìyà wọn sì ga ju ti gbogbo ayé lọ lóòótọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ ṣeun. A rò pé ẹ ò gbọ́ ni."

"Mo gbọ́, Ìyá. Kò pẹ́ mọ́, mò ń bọ̀ wá kí yín pẹ̀lú àwọn ènìyàn ńlá."

Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́. Ìyá Àsíátù padà sílé tayọ̀tayọ̀, ó sì sọ fún àwọn obìnrin pé pọ́ọ̀mpù tuntun ń bọ̀. Ká sòótọ́, nínú gbogbo àwọn tó wo òpó yẹn lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló kà á bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn èyí ni Madame Bàlíkísù pe ọ̀gá láti Kútọnu. Ọmọ Kétu ni, òun sì ni aṣojú ẹgbẹ́ tó ń pín pọ́ọ̀mpù. Ó bèèrè abúlé tí pọ́ọ̀mpù náà ń lọ. Ìjádé ní Daagbé ni, torí pé òpó wọn ń ṣeni láàánú. Ó ní ṣùgbọ́n kí Madame kọ́kọ́ bá òun dé Tchaada, abúlé tí àlàáfíà pọ̀ sí jù, kí àwọn fún wọn ní ife ẹ̀yẹ. Ó fi kún un pé àwọn ọ̀gá Àjàṣẹ́ náà ń bọ̀. Òun ló pè wọ́n.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n ta tapólì sí àárín Tchaada. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá láti Igolo, wọ́n na aṣọ funfun kan tí Adétóun yóò tan àwòrán sí. Àwọn obìnrin ti gbá gbogbo abúlé, wọ́n sì ti wẹ àwọn ọmọ pẹ̀lú ìwọ̀nba omi tí wọ́n rí. Ìjádé wọ agbádá tó rán sílẹ̀ de Àjàṣẹ́. Agbádá náà le débi pé bí ó bá ń yí ọrùn, aṣọ kì í bá a yí.

Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Madame, ẹ̀yin ọ̀gá láti Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi! Kí ni Tchaada? Tchaada ni òpó! Kí ni òpó? Òpó ni Tchaada! Nígbà tí mo gba ọ́fíìsì, ṣé òpó kankan wà? Kò sí! Ta ló hù ú? Mi ò ní sọ ọ́, torí pé onírẹ̀lẹ̀ ni mí. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Èmi ní òpó náà ò lọ́tàá!"

"Baba Òpó!" ni Sọ̀fíyù ké láti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò.

Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ ni ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan gba ẹ̀yìn tapólì kọjá. Pọ́ọ̀mpù tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dán, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn obìnrin Tchaada dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ọkọ̀ kò dúró. Ó dé oríta, ó yà sí ọ̀nà Daagbé.

Ayọ̀ náà dáwọ́ dúró. Ìyá Àsíátù sún mọ́ iwájú.

"Ọmọ mi, ibo ni wọ́n ń gbé e lọ?"

"Daagbé ni, Ìyá. Ẹ̀yin, ife ẹ̀yẹ ni tiyín!" Ìjádé sì gbé ife kan sókè, ife fàdákà tó ní etí méjì.

Ìyá Àsíátù wo ife náà. Ó wo ọ̀nà Daagbé. Inú rẹ̀ bà jẹ́, ṣùgbọ́n àlejò wà níwájú, àlejò kò sì gbọdọ̀ jókòó láì mu omi. Ó ṣẹ́wọ́ sí Ràúfátù. Ràúfátù gbé abọ́ omi wá, ó kúnlẹ̀ níwájú Madame Bàlíkísù. Madame wo inú abọ́. Omi náà pọ́n.

"Ìyá, ṣé omi pọ́ọ̀mpù yín nìyí?"

"Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án ná, ọmọ mi. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Omi pọ́ọ̀mpù kọ́," ni Ìjádé fi ẹ̀rín dá sí i. "Wọ́n kàn ń rẹ ara wọn sílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fa ti pọ́ọ̀mpù fún Madame fúnra mi!"

Ó ká apá agbádá sórí èjìká, ó lọ di ọwọ́ pọ́ọ̀mpù mú. Ó fà á. Pọ́ọ̀mpù ké. Ó tún fà á, ó fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, fìlà ṣí, apá agbádá kan já bọ́ sínú ẹrẹ̀ àtijọ́ tó ti di eruku. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde. Lẹ́yìn náà ni aláǹgbá kan yọ orí jáde ní ẹnu pọ́ọ̀mpù, ó wo Dirẹtọ̀, ó mi orí rẹ̀ bí aláǹgbá ṣe máa ń ṣe, ó sì padà wọlé. Ọmọ kékeré kan rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti dé ẹnu ìyá náà.

Madame Bàlíkísù kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ìyá Àsíátù.

"Ìyá, bó bá ti rí báyìí, kí ló dé tí ẹ fi ń tẹ àlàáfíà?"

"Ó kí wa ni, ọmọ mi. Ẹni tó bá kí wa, ṣé a ò ní dá a lóhùn? Lẹ́yìn tí a bá dá a lóhùn tán la máa ń sọ tẹnu wa."

"Níbo lẹ ti ń sọ ọ́?"

"Nínú fóònù náà ni."

Madame wo Adétóun. Adétóun wo Dirẹtọ̀. Dirẹtọ̀ ń wá fìlà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ," ni Madame wí.

Adétóun ṣí àkójọ ohùn, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n háyà láti fi yin Ìjádé gbé ohùn náà, gbogbo Tchaada sì gbọ́ ọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dirẹtọ̀. Àsíátù ni. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? A dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, pọ́ọ̀mpù wa ti kú."

"Dirẹtọ̀, ẹ kú ojúmọ́. Ràúfátù ni. Inú ń run ọmọ mi láti àná, omi odò yẹn ló mu. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àsíátù náà ni. Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu. A gbọ́ pé ẹ ń lọ sórí àga ńlá ní Àjàṣẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ yín. Kí ẹ tó jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pọ́ọ̀mpù wa."

Ohùn ń tẹ̀ lé ohùn. Lórí aṣọ funfun lẹ́yìn Ìjádé, òpó Tchaada ṣì nàró, fọ́tò rẹ̀ lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìjádé alára kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe pé wọ́n bú u, torí pé kò sí ẹni tó bú u. Àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún un nínú gbogbo rẹ̀. Ojú tì í, ó tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, ṣùgbọ́n agbádá yẹn fẹ̀ ju ihò èyíkéyìí lọ.

Madame Bàlíkísù ní kí wọ́n sáré pe ọkọ̀ ẹlẹ́rù padà. Àwọn ọ̀gá Àjàṣẹ́ wọ mọ́tò wọn láì jẹun. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́: nígbà tí Ìjádé máa fi wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan. Sọ̀fíyù tó sọ ọ́ ní Baba Òpó wà lọ́dọ̀ awakọ̀ Madame, ó ń ṣàlàyé pé òun ti mọ̀ tipẹ́ pé òpó yẹn wọ́.

Ẹlòmíràn ló ń yí lórí àga Àjàṣẹ́ báyìí. Wọ́n gba Ifangni lọ́wọ́ Ìjádé, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ tó ti fòfin dè: kó máa lọ láti abúlé dé abúlé, kó máa fi ojú ara rẹ̀ wo pọ́ọ̀mpù. Ẹ̀yìn alùpùpù Ìdírísù ló ń jókòó sí, pẹ̀lú àpò súpánà lórí itan. Adétóun ti dá àwọn oṣù padà sí ipò wọn, ó sì ti dá ìbéèrè fóònù padà sí pọ́ọ̀mpù. Ní báyìí, ó máa ń gbọ́ ohùn kó tó hu òpó. Àwa náà ti padà sí ṣíṣí géètì kan. Ó rọrùn. A kò mọ ìdí tí a kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí Ìjádé padà dé Tchaada, òjò ló mú òun àti Ìdírísù lójú ọ̀nà. Táyà jò. Wọ́n ti alùpùpù nínú ẹrẹ̀ títí bàtà Ìjádé fi lanu. Ní ilé, ìyàwó rẹ̀ kò tíì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ ayẹyẹ, torí pé ó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń kó lọ. Àwọn ọmọdé Tchaada rí i lókèèrè, wọ́n ń ké, "Baba Òpó! Baba Òpó!" Bí ó ṣe rí nìyẹn, tó tutù, tó ń tiro, nígbà tó dé iwájú pọ́ọ̀mpù tuntun tí Ìyá Àsíátù ti ń pọn omi.

"Ọmọ mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Ìyá. A dúpẹ́. Ilé ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó gbọ́ ọ. Ó dúró. Ó wo bàtà rẹ̀ tó lanu, ó wo Ìdírísù tó ń fún aṣọ, ó wo ara rẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí símẹ́ńtì pọ́ọ̀mpù, kò tilẹ̀ wò ó bóyá ibẹ̀ gbẹ. "Ìyá," ló wí nígbà tó rí èémí mú, "ẹ bá mi tẹ aláwọ̀ ewé."

Ìyá Àsíátù náà rẹ́rìn-ín. Ó bu omi tó mọ́ sínú ife, ife fàdákà elétí méjì yẹn ni, òun ni wọ́n fi ń bu omi níbẹ̀ báyìí. Ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó dúró títí ó fi mu ún tán, ó sì fa àpótí kan, ó jókòó tì í.

"Ó dáa," ló wí. "A ti kí ara wa tán. Ó yá, kí ló ń ṣe yín gan-an?"

Ìjádé sọ ọ́. Ìyá Àsíátù sì gbọ́ ọ dópin.